Bátìrì Ọkọ̀ Ìje Onírìmóòtù: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Gbogbo Agbára Inú Rẹ̀ Lò Láì Bà Á Jẹ́

Ìje ọkọ̀ onírìmóòtù tó ń fi iná sáré kì í pẹ́. Fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọkọ̀ gidi, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n sábà máa ń sáré. Ìje á parí, wọ́n á pe àwọn tó kàn. Nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá tí ẹgbẹ́ wa ti ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà òtútù níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan wà tí mo máa ń rí léraléra. Ẹni méjì á gbé irú ọkọ̀ kan náà wá, ẹ́ńjìnnì kan náà, táyà kan náà. Ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, wọ́n á jọ máa lọ. Tó bá di ìṣẹ́jú kẹrin, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn níbi tí ọ̀nà ti gùn gbọọrọ. Ẹni tó ni ín á gbà pé bátìrì òun ló kéré, á lọ ra èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ibi tó wà náà ló ṣì máa wà.

Agbára bátìrì ìje kò sí nínú nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Inú ìdènà ara rẹ̀ ló wà, ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó, àti nínú bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tó wọlé. Ohun tí màá tẹnu mọ́ nìyẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bátìrì LiPo (lithium polymer) oní-sẹ́ẹ̀lì méjì ni màá fi ṣàlàyé jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá ń lò.

Ohun tí nọ́ńbà ara bátìrì ń sọ, àti èyí tí kò sọ

Ẹ gbé bátìrì kan sọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 2S, 7.4V, 5000mAh àti 100C lára rẹ̀. 2S ni pé sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so tẹ̀léra. 3.7V ni wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì LiPo kọ̀ọ̀kan sí, àmọ́ tó bá kún dẹ́nu, 4.20V ni. Ìdí nìyẹn tí 2S tó kún fi jẹ́ 8.40V. mAh ni ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú. C ló yẹ kó sọ bí iná náà ṣe lè yára jáde tó: 5000mAh tó jẹ́ 100C, tí a bá ní ká gbà á gbọ́, á lè tú áńpù 500 jáde. Ẹ wo wáyà tó wà lára ọkọ̀ yín dáadáa, kí ẹ bi ara yín bóyá ó lè gbé áńpù 500. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ C tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ọ̀pọ̀ ló sì ń bù mọ́ ọn. Èmi kì í fi C ra bátìrì.

Ohun tí wọn kì í sábà kọ sára rẹ̀ ni ìdènà inú. Ẹ rántí tàǹkì omi tó wà lókè ilé. Bí tàǹkì ṣe tóbi tó, ìyẹn ni mAh. Páìpù tó ti ibẹ̀ wá sí ilé ìwẹ̀, tó bá tóóró tàbí tí ìdọ̀tí ti dí i, omi á máa ṣe jẹ́jẹ́ wá, tàǹkì ì báà kún dẹ́nu. Ìdènà inú bátìrì ni páìpù yẹn. Mílíómù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìdá kan nínú 1000 ómù kan. Ó kéré débi pé èèyàn á ní kí ni yóò lè dí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 2S kan ní mílíómù 2 nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Wáyà àti ẹnu ìsopọ̀ fi 1 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5. Nígbà tí ẹ bá tẹ iná kíkún láti jáde nínú kọ́nà, ká ní ẹ́ńjìnnì fa áńpù 80. Áńpù 80 nínú ìdènà 5 yóò jẹ 0.4V lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé 8.0V ló wà nínú bátìrì, 7.6V ló dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá mú bátìrì kejì tó ti gbó, tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti di mílíómù 8. Gbogbo ìdènà rẹ̀ jẹ́ 17. Áńpù 80 kan náà yóò jẹ 1.36V dànù, 6.64V ló sì máa kù fún ẹ́ńjìnnì. Ìyára ẹ́ńjìnnì oníná ń tẹ̀lé fólítì, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyára yín ti lọ, mAh àwọn méjèèjì sì lè dọ́gba. Fólítì tó sọnù kò lọ lásán, ooru ló dà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ wáàtì 32; ti ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 109, bí ẹni tan gílóòbù wáàtì 100 sínú bátìrì àti wáyà yín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ọkọ̀ yín ń jẹ kí ẹ tó náwó

Ẹ ṣájì bátìrì tó wà lọ́wọ́ yín kó kún. Ẹ sáré ìje kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ wá ṣájì rẹ̀ padà. Ojú ṣájà á sọ iye mAh tó dá padà sínú rẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ yín jẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 2000mAh ní ìṣẹ́jú 5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12 torí ìṣẹ́jú 5 méjìlá ló wà nínú wákàtí kan: ìpíndọ́gba áńpù 24 ni ọkọ̀ ń fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fò sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbéra.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ 2000mAh tó wá ra bátìrì 8000mAh, ẹrù ló ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n kò tún yẹ kí ẹ ra èyí tó ṣe wẹ́kú. LiPo kì í fẹ́ kí a lò ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ, fólítì rẹ̀ sì ń wálẹ̀ bó ṣe ń tán. Èyí tó tó ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ ń jẹ máa ń tẹ́ mi lọ́rùn: ìje á parí nígbà tí fólítì ṣì ga. Nǹkan mìíràn tún wà tí kì í sọ sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù. Tí ọkọ̀ yín bá fúyẹ́ ju ìlà yẹn lọ, òjé lẹ máa lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ kí ó lè wúwo tó. Dípò òjé, ẹ kúkú gbé bátìrì tó wúwo díẹ̀, tí ìdènà rẹ̀ kéré. Tí ọkọ̀ bá ti wúwo ju ìlà náà lọ tẹ́lẹ̀, bátìrì tó fúyẹ́ ni kí ẹ wá.

Ẹ wọn ihò tí bátìrì ń wọ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó gùn máa ń tó nǹkan bí mílímítà 139. Èyí tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní shorty, tí ọ̀pọ̀ bọ́gì, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ń lò, jẹ́ nǹkan bí 96. Ọkọ̀ ìdá kan nínú 12 sábà máa ń lo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Bọ́gì ńlá ìdá kan nínú mẹ́jọ ń lo 4S. Tí ẹ bá fẹ́ sáré ìdíje, ẹ ka ìwé òfin kí ẹ tó rajà: BRCA ló ń ṣètò rẹ̀ níbí ní Brítéènì, EFRA ní Yúróòpù, ROAR ní Amẹ́ríkà, IFMAR ló sì ń ṣe ti àgbáyé. Wọ́n lè béèrè pé kí bátìrì wà nínú páálí ike líle, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn ìdènà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wọlé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bátìrì tí ẹ kò bá mọ̀ nílé, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n ní pápá.

Ṣájà tó dára lónìí lè wọn ìdènà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra irú ẹ̀, ó sàn ju kí ẹ ra bátìrì olówó gọbọi kún bátìrì lọ. Ẹ gbé bátìrì tuntun náà sínú yàrá tó wà ní nǹkan bí 25°C fún wákàtí díẹ̀, ẹ ṣájì rẹ̀ kó kún, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bátìrì ìje tó pójú owó máa ń wà láàárín mílíómù 1 sí 3 fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ti ọkọ̀ eré ọmọdé lè tó 10.

Ṣájà kan kò ní sọ ohun kan náà pẹ̀lú ṣájà mìíràn. Nítorí náà ẹ má gbé nọ́ńbà yín bá ti aládùúgbò yín jiyàn. Ẹ fi ṣájà yín wé ṣájà yín, nínú ooru kan náà, pẹ̀lú bátìrì tó kún bákan náà. Ohun tí ẹ ń wá ni ìyàtọ̀: láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì inú bátìrì kan, àti láàárín òní àti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá jẹ́ 2 tí ìkejì jẹ́ 5 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Sẹ́ẹ̀lì aláìlera yẹn ló máa kọ́kọ́ tán nínú gbogbo ìje, òun náà ló máa fa èyí tó dára lulẹ̀.

Ẹ fi pílásítà funfun lẹ nọ́ńbà mọ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 3. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ìdènà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, mAh tó dá padà, àti bó ṣe gbóná tó lẹ́yìn ìje. Ó lè dà bí iṣẹ́ akọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ti gbà mí lówó rírà àìnídìí ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣíṣájì

Apá ibí ni iná ti lè jó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ kọ́kọ́ ki wáyà bọ ṣájà, kí ẹ tó wá ki òdìkejì rẹ̀ bọ bátìrì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Tí wáyà bá ti wà lára bátìrì tí ẹnu rẹ̀ kejì ṣì wà ní gbangba, irin méjèèjì lè fara kan ara wọn lórí tábìlì, ẹ ó sì rí i bí bátìrì tí ìdènà rẹ̀ kéré ṣe ń tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ṣe tán, ti ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ẹ rí i pé ṣájà wà lórí LiPo, kò sí lórí NiMH (bátìrì oní-nickel), pé 2S ló kọ, kì í ṣe 3S. Ẹ so wáyà kékeré tó ń dọ́gba sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ yan "Balance". Ẹ fi áńpù sí 1C: bátìrì 5000mAh gba áńpù 5, èyí tó jẹ́ 4000mAh gba 4. Àwọn iléeṣẹ́ kan fàyè gba 2C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, 1C ni kí ẹ dúró sí. Ẹ gbé bátìrì sínú àpò tí iná kì í tètè jó, èyí tí BRCA ní kí olúkúlùkù lò ní pápá wọn, lórí síméńtì tàbí táìlì, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga onífóòmù. Ẹ má fi í sílẹ̀ lọ sùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lọ sọ́jà.

Ṣájà á kọ́kọ́ máa fún un ní áńpù kan náà títí sẹ́ẹ̀lì á fi dé 4.20V. Lẹ́yìn ìyẹn á di fólítì mú, á wá máa dín áńpù kù díẹ̀díẹ̀. Apá kejì yìí máa ń falẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í ní sùúrù fún un. Tí ẹ bá yọ ọ́ nígbà tí áńpù ṣì ga, bátìrì lè sọ fún yín pé òun jẹ́ 8.40V, àmọ́ bó bá sinmi díẹ̀, ẹ ó rí i pé fólítì rẹ̀ ti sọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí.

Ẹ má ṣájì kọjá 4.20V torí pé ẹ fẹ́ jẹ àwọn yòókù níyà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje máa ń fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó wọ pápá, ohun tó sì ń ṣe sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe kékeré. Irú LiPo kan wà tí wọ́n ń kọ HV sí lára, tó lè gba 4.35V, àwọn wọ̀nyẹn pàápàá, tí òfin kíláàsì yín bá ní 8.40V, 8.40V ni kí ẹ dúró sí.

Àsìkò tí ẹ bá ṣájì rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó parí nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 kí wọ́n tó pe ìje yín. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, bátìrì tó sì lọ́wọ́ọ́rọ́ ní ìdènà tó kéré sí ti èyí tó tutù.

Ìgbésẹ̀ 4: Wáyà àti ẹnu ìsopọ̀, ibi tí agbára ti ń sọnù láì pariwo

Ẹ lè ra bátìrì tó dára jù lágbàáyé, kí ẹnu ìsopọ̀ ọgọ́rùn-ún náírà sì bà á jẹ́. Ẹ rántí ìṣirò òkè yẹn: mílíómù 1 ni mo fún wáyà àti ìsopọ̀. Ìsopọ̀ tó ti dẹ̀, tàbí tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò mú dáadáa, lè di 3 tàbí 4 láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí nǹkankan lójú. Ìyẹn ti ju ìdènà odindi sẹ́ẹ̀lì kan lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Bí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ kúrò ní pápá, ẹ fi ẹ̀yìn ìka yín kan bátìrì, lẹ́yìn náà ẹ rọra kan ẹnu ìsopọ̀, lẹ́yìn náà wáyà. Níbi tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni fólítì yín ń bọ́ sí. Tí ẹnu ìsopọ̀ bá gbóná ju bátìrì lọ, ẹ má sọ pé bátìrì ti gbó.

Ẹnu funfun oníke tó máa ń bá ọkọ̀ iléeṣẹ́ Tamiya wá tó fún ọkọ̀ àkọ́ra, kò tó fún ìje. XT60, irú ẹnu ìsopọ̀ mìíràn, lè gbé áńpù 60 láì janpata. Bátìrì ìje gan-an máa ń ní ihò mílímítà 4 tàbí 5 lára páálí rẹ̀, tí irin roboto ń wọ̀. Irin yẹn ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́ lára tó ń tì mọ́ ògiri ihò náà. Bí ẹ bá ti ń kì í tí ẹ ń fà á, ewé náà ń rẹ̀ ẹ́. Tí ó bá wọlé wẹ́rẹ́ láì lágídí, ó ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Ẹ fi òwú tó ní spírítì díẹ̀ nu inú ihò náà lóṣooṣù, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Irin roboto wọ̀nyí lè wọ ihò méjèèjì. Kò sí ohun tó ń dá yín dúró láti ki pupa bọ ti dúdú, bí ẹ bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ tó ń bu iná fún ẹ́ńjìnnì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ESC, ti jó nìyẹn. Ẹ kun ihò tó jẹ́ ti pupa pẹ̀lú ọ̀dà èékánná pupa tó hàn ketekete, kí ẹ sì gé wáyà méjèèjì lọ́nà tí pupa kò fi ní lè gùn dé ihò dúdú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ irin ìsopọ̀ fúnra yín, ẹ lo áyọ̀nù tó lágbára, wáàtì 60 sókè. Èyí tí wọ́n fi ń tún rédíò ṣe máa ń tutù bó bá fara kan wáyà nínípọn. Ẹ ó wá di í mọ́ ọn títí ara wáyà á fi yọ́, síbẹ̀ lẹ́ẹ̀dì ò ní mú. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì ra ẹnu wáyà, kí ẹ fi ra inú irin náà, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Tó bá mú, ojú rẹ̀ á máa dán. Tó bá rí bí eérú tó sì ṣùpọ̀ bí ẹyin, ẹ tún un ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló yẹ kó gbà. Ẹ má fi áyọ̀nù kan ara bátìrì láéláé, ẹ má sì gé wáyà bátìrì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà kúkúrú sàn ju gígùn; ẹ gé e kó ṣe wẹ́kú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ ìje

Nígbà òtútù nílẹ̀ yìí, bátìrì tó sùn nínú búútù ọkọ̀ mọ́jú lè wà ní 3°C. Ìdènà rẹ̀ á ti ga ju ti inú ilé lọ dáadáa, á máa ṣe bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ gbé e sínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí sínú àpò ìtutù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ: àpò yẹn ń pa ooru mọ́ bó ṣe ń pa òtútù mọ́. Ẹ má ṣájì LiPo tó bá tutù dé 0°C, torí ṣíṣájì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba inú rẹ̀ jẹ́ láìní àtúnṣe. Láàárín 35 sí 45°C ni mo ti ń rí i pé ó ń ṣe dáadáa jù. Àwọn kan ń lo aṣọ oníná láti fi mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ béèrè bóyá òfin pápá yín gbà á.

Lẹ́yìn ìje, kò yẹ kó kọjá 60°C. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, bátìrì ni ẹ ń dá lẹ́bi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo jíà. Jíà kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, tí eyín rẹ̀ bá pọ̀ jù, á máa fi agbára fa iná. Ẹ dín eyín kan kù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ẹ yẹ ESC yín wò kó tó di ọjọ́ náà: ó gbọ́dọ̀ wà lórí LiPo, kó sì máa dín iná kù nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá dé 3.2V, ìyẹn 6.4V fún 2S. 3.0V ni ìlà tí a kì í kọjá. ESC tó wà lórí NiMH á jẹ́ kí ẹ sáré kọjá rẹ̀ láì sọ ohunkóhun, bátìrì á sì kú síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Lẹ́yìn ìje, ibi tí ọ̀pọ̀ bátìrì ti ń kú

Ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ṣì ń pa bátìrì àwọn èèyàn wa. Láyé fóònù onítọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ta fóònù fún yín á ní kí ẹ ṣájì rẹ̀ fún wákàtí 8 kí ẹ tó tàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó tún ṣájì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú fóònù. Bátìrì NiCd (nickel-cadmium) àtijọ́ ló ni ín. Àwọn tó ń sáré láyé NiCd máa ń so gílóòbù mọ́ bátìrì wọn títí gílóòbù á fi kú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí LiPo tó fẹ́ tún lò ti pa á.

Ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù kí ẹ tó ṣájì rẹ̀ padà. Tí ẹ kò bá ní lò ó lọ́la tàbí lọ́túnla, ẹ yan "Storage" lójú ṣájà. Á gbé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí 3.80 sí 3.85V. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú. Bátìrì tó kún tó sì jókòó síbi ooru ń gbó láì ṣiṣẹ́, ìdènà rẹ̀ á máa gòkè, inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá ní kí n mú ìmọ̀ràn kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo kọ, èyí ni màá mú. Bátìrì méjì tí mo rà lọ́jọ́ kan náà: èyí tí mo máa ń gbé sí Storage ṣì wà nínú ìje, èyí tí mo gbàgbé ní kíkún nínú yàrá tó ń gbóná fún odindi oṣù kan, páálí rẹ̀ ti la lójú ìránpọ̀.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé

Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sí Nàìjíríà nígbà Kérésì máa ń béèrè nípa ọkọ̀ òfuurufú. Bátìrì tó dá wà kò gbọ́dọ̀ wọ inú báàgì tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé e. 2S 5000mAh jẹ́ wáàtì-wákàtí 37, 4S 5000mAh jẹ́ 74, méjèèjì kò dé 100 tó jẹ́ ìlà tí ẹ kò ní tọrọ àyè. Láti 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú. Ẹ fi téèpù bo ihò rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀, kí ó sì wà ní Storage.

Bí ẹ bá dé Èkó, ooru ni ọ̀tá, kì í ṣe òtútù. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sójú oòrùn tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C nínú, kí bátìrì tó sáré rárá. Ní ti iná, ẹ má fòyà: áńpù 5 sínú 8.4V kò ju wáàtì 42 lọ, jẹ́ń kékeré lè gbé e. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ so ṣájà tó ń gba 12V mọ́ bátìrì ínfátà tààrà, torí iná jẹ́ń tó ń lọ sókè sódò kò dára fún ṣájà.

Tó bá jẹ́ NiMH ló wà lọ́wọ́ yín

Ọ̀pọ̀ wa fi í bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Láti ìgbà tí Tamiya ti gbé ọkọ̀ onírìmóòtù Porsche 934 wọn jáde ní 1976, bátìrì oní-nickel ló gbé eré yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sẹ́ẹ̀lì 6 oní 1.2V, 7.2V lápapọ̀. Ẹ lo ṣájà tó ń dá dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kún, ẹ ṣájì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an torí iná inú rẹ̀ máa ń dín kù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù láàárín ìje méjì.

Ìgbà tó yẹ kó fẹ̀yìntì

Ẹ ṣí ìwé yín. Tí ìdènà sẹ́ẹ̀lì bá ti di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìje, kí ẹ máa fi í kọ́ṣẹ́. Tí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì bá ń fi 0.1V yàtọ̀ síra lẹ́yìn gbogbo ìje, bákan náà. Tí ó bá wú, tí páálí rẹ̀ là, tàbí tí ẹ gbọ́ òórùn dídùn bí ti ọ̀dà èékánná lára rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ náà. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sí bó ṣe wà. Tó bá ń rú èéfín, ẹ jìnnà sí i, torí májèlé ni èéfín náà. Ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, kí ẹ pe àwọn panápaná.

Èyí tó wú díẹ̀ ṣùgbọ́n tó tutù, ẹ gbé e síta lórí síméńtì, jìnnà sí ohun tó lè jóná. Ẹ so gílóòbù kékeré 12V ti tírífíkétọ̀ ọkọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè títí gílóòbù á fi kú. Ẹ fi téèpù bo ihò rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ síbi tí káńsù ti ń gba bátìrì tó ti bàjẹ́. Ẹ má jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ẹ má sì jù ú sí ààtàn. Kí ẹ tó pa ìwé yẹn dé, ẹ kọ ọjọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tó wọlé àti iye ìje tó sá, torí òun lẹ máa wò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn.